Apá Òsì Ẹṣin Àlàájì

Ní Baṣọ̀run wa níbí, bí ara rẹ kò bá yá, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́ yẹn. Wàá jí, wàá wẹ̀, wàá wọ aṣọ tó bójú mu, wàá sì jókòó sí pálọ̀ láti gba àlejò. Wọ́n á bèèrè bí ara ṣe rí, wàá ní, "A dúpẹ́." Wọ́n á bèèrè ohun tí dókítà sọ, wàá tún un rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á rántí mọ̀lẹ́bí òun tí irú ẹ̀ ṣe, tí kò sì yè é. Wàá tún ní, "A dúpẹ́." Bí wọ́n bá fẹ́ lọ, aláìsàn ni yóò sìn wọ́n dé géètì. N kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni. Èmi náà mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Bí wọ́n bá ń ka àwọn tó mọ àbẹ̀wò ṣe nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi tiwa, wọn kì í yọ mí sílẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni mí ní Bódìjà. Bí mo bá pe ọmọ kan láti ọ́fíìsì mi, àwọn tí ń kọjá lójú títì á bojú wẹ̀yìn. N kò tọrọ àforíjì fún ohùn mi rí. Ojú mi ló wá ń dà mí láàmú. Awọ funfun kan ń bo ẹyinjú méjèèjì díẹ̀díẹ̀, ohun tí àwọn dókítà ń pè ní kataráàtì. Tọ̀tún ti bò tán, tòsì ń tẹ̀lé e. Mo fi pa mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ohùn ni mo fi ń dá àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ̀, ìrìn ni mo fi ń dá àwọn olùkọ́ mọ̀, kò sì sí ẹni tó fura.

Àfi ọjọ́ tí èmi àti ọkọ mi lọ ra aṣọ ní Dùgbẹ̀. Mo rí màmá kan tó dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ó wé gèlè gàgàrà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ọjà o, mà." Màmá kò dáhùn. Mo gbé ohùn sókè, mo tún un kí. Ọkọ mi ló fà mí lápá, ó ní, "Dìde jọ̀ọ́, ère tí wọ́n fi ń pàtẹ aṣọ ni." Ó rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ ilé ìwẹ̀, mo sunkún.

Ẹ̀rù ló ń bà mí. Irú ojú yìí gan-an ló ṣe ìyá mi ní Ṣakí. Wọ́n ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ, ó ní abẹ kan kò ní kan ojú òun. Ní ọdún tó lò kẹ́yìn láyé, èmi ni mò ń fà á lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, èmi ni mò ń sọ fún un pé oúnjẹ rèé, omi rèé, ọmọ-ọmọ yín ló ń kí yín yìí. Mo ti pinnu láti ìgbà náà pé ọmọ kankan kò ní fa èmi lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà fún iṣẹ́ abẹ lọ́gán, tí mo tún ń yangàn káàkiri pé n kò bẹ̀rù ohunkóhun. Ara mi ló tú àṣírí.

Ní ilé ìwòsàn ojú tí mò ń lọ ní Ring Road, wọn kì í fọwọ́ kan ojú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ru jù. Nílé, pẹ̀lú oògùn, tèmi kì í burú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọ ẹnu ọ̀nà yẹn ní òwúrọ̀ iṣẹ́ abẹ, ṣe ni yóò fò sókè. Wọ́n dá mi padà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kejì, àwọn obìnrin ìjọ wa ní àwọn kò ní jẹ́ kí n dá nìkan lọ. Wọ́n gbé bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì wá. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì ń wọlé wá kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan ní àkókò tí nọ́ọ̀sì ti de ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ mi lápá.

"Mà, ẹ má sọ̀rọ̀," nọ́ọ̀sì ní.

"Ṣé kí n máa wò wọ́n níran ni? Àwọn tó jí wá nítorí mi?"

"Ẹ̀rọ yìí ò ní sọ òótọ́ tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀."

"Ẹ kú ìdúró o! Ẹ ṣeun, mà! A dúpẹ́!" Ìyàwó pásítọ̀ ni mò ń dá lóhùn nìyẹn.

Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n tún un wọ̀n, kò wálẹ̀. Dókítà fúnra rẹ̀ jáde wá. Ó ní kí n máa lọ sílé, kí n padà wá lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé bí a bá ń fi falẹ̀ báyìí, awọ yẹn á le koko, ojú ọ̀tún sì lè bá a lọ pátápátá. Àwọn obìnrin ìjọ gbọ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Bí ọkọ mi ṣe fi ọkọ̀ gbé mi dé àdúgbò wa, mo gbọ́ ohùn wọn. Bọ́ọ̀sì wọn ti ṣáájú wa dé. Wọ́n ti jókòó sí pálọ̀ mi, wọ́n ń dúró láti tù mí nínú. Inú bí mi gan-an. Mo ní kí ọkọ mi sọ̀ mí kalẹ̀, kó lọ máa dá wọn lóhùn.

"Níbo lò ń lọ?" ó bi mí.

"Níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní bi mí ní nǹkan kan."

Mo fọwọ́ tọ ògiri lọ, mo sì wọ géètì ẹ̀gbẹ́ ilé Àlàájì.

Àlàájì ni aládùúgbò tí gbogbo wa fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ Òkè-Ògùn bíi tèmi ni, ó sì ṣe máníjà báńkì ní Dùgbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ̀yìn tì, wọ́n kọ́ ilé kejì. Òun fẹ̀yìn tì, ó ra ẹṣin. Ó ní bàbá bàbá òun lẹ́ṣin, kò sì sí ìdí tí òun kò fi ní í ní. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé orogún òun kì í jẹ iyán, koríko ló ń jẹ. Èmi kò wọ ọgbà ẹṣin náà rí. Òórùn ìgbẹ́ ẹṣin tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá sílé wa ni gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀.

Mo fẹ̀yìn ti igi máńgòrò kan, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé n kò dá wà. Ohun ńlá kan ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó mí sínú, ó pẹ́. Ó mí síta, ó tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ojú mi rí kò ju òjìji gíga kan lọ, ó ṣókùnkùn bí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Àyà mi já, mo sì ṣe ohun tí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ń ṣe bí àyà rẹ̀ bá já: mo kí i. Mo ní, "Ẹ kúulé o."

Kò dáhùn. Lẹ́yìn màmá Dùgbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí mo kí ohun tí kò lè dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò tì mí lójú. Ẹṣin náà kò bi mí bí ara ṣe rí. Kò fẹ́ mọ ohun tí dókítà sọ. Ó kàn gbé orí sókè díẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ń bá mímí rẹ̀ lọ. N kò mọ ìgbà tí mímí tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé tirẹ̀. Èjìká mi tó ti gòkè dé etí láti òwúrọ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀. Mo gbọ́ tí bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì fọn fèrè, tó lọ, kò sì wù mí láti kúrò níbẹ̀.

"Màdáámù," Àlàájì ní lẹ́yìn mi, "ṣé ẹ wá lé ẹṣin mi kúrò ládùúgbò ni?"

"Mo wá sá pamọ́ ni, Àlàájì."

"Ta lẹ sá fún?"

"Àwọn tó fẹ́ràn mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé bẹ́ńṣì fún mi. Ó ní òun kó ẹ̀jẹ̀ ríru bọ̀ láti Dùgbẹ̀. Iṣẹ́ ti tán, ṣùgbọ́n ọkàn òun kò gbà pé ó ti tán. Láràárọ̀ ni ó ń lù kìkìkì bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ṣílẹ̀kùn báńkì. Ẹ̀gbẹ́ ẹṣin ni ó ti kọ́kọ́ gbà láti sinmi. Ó ní ẹran tí gbogbo ohun tó wà nínú igbó lè pa jẹ ni ẹṣin, nítorí náà kò sí ohun tó ń bẹ nínú ara ẹni tó dúró tì í tí kò ní mọ̀. "Ẹ lè parọ́ fún èmi, ẹ sì lè parọ́ fún pásítọ̀ yín. Ẹ ò lè parọ́ fún eléyìí."

Ó gbà kí n máa wá láràárọ̀ kí n tó lọ sí ilé-ìwé. Ó kó búrọ́ọ̀ṣì àti òfin fún mi.

"Apá òsì ni kí ẹ máa gbà bọ̀. Ẹ má gba ọ̀tún láé. Kí ẹ sì máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń bọ̀."

"Èèmọ̀ rèé. Níbo la ti ń gba apá òsì kí àgbà?"

"Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Mo gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ apá ọ̀tún, ẹṣin náà sì máa ń fi apá ọ̀tún yẹn ti ògiri bí mo bá wà níbẹ̀. Mo rò pé bí àwọn ẹlẹ́ṣin ṣe ń ṣe ni, tàbí pé Àlàájì ń fi ẹṣin rẹ̀ ṣahun. N kò bèèrè.

Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ. Mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì fa irun rẹ̀ láti ọrùn dé ìtan, mò ń bu omi fún un, mò ń gbọ́ bó ṣe ń rún koríko. Ọkọ mi ní òun kò mọ̀ pé ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ni òun gbé níyàwó. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń fa imú bí mo bá kọjá. N kò bìkítà.

Mo ní láti sọ ti òwúrọ̀ kan tí mo bínú dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iná kò sí, n kò rí aṣọ lọ̀, olùkọ́ kan sì ti pè mí lórí fóònù pé òun kò ní lè wá. Mo fi ohùn ilé-ìwé kí ẹṣin. Ó tẹ etí sẹ́yìn, ó rìn lọ títí okùn rẹ̀ fi tán, ó sì kọ̀dí sí mi. Kò sí ẹni tó dán irú ẹ̀ wò pẹ̀lú mi rí. Mo pàṣẹ pé kó máa bọ̀. Kò tilẹ̀ mi ìrù.

Àlàájì ń mu tíì lórí bẹ́ńṣì rẹ̀. "Ẹ ní kó kúnlẹ̀, kó káwọ́ sókè," ó ní.

Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo dúró. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo ju èjìká sílẹ̀, mo mí síta, mo sọ ohùn mi di ti ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn. Ohun tó wá ti ẹnu mi jáde, n kò tíì sọ ọ́ fún ọkọ mi rí. Mo ní, "Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fà mí lọ́wọ́." Mo gbọ́ tí pátákò rẹ̀ ń dún lórí ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wá, ó sì gbé imú gbígbóná lé mi léjìká. Kò sọ pé Ọlọ́run ò ní gbà. Kò sọ pé ṣebí onígbàgbọ́ ni mí. Mo gbàgbọ́ o, mo sì ń gbàdúrà títí dòní, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà tí gbogbo ayé ní kó má bẹ̀rù, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ọjọ́ yẹn ni mo gbé iṣẹ́ kan sílẹ̀. Mo gbàgbé pé Àlàájì wà níbẹ̀; òun náà ń mu tíì rẹ̀ lọ.

Àlàájì ní ẹ̀rọ tí ó fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nílé. Ó máa ń wọn tirẹ̀ ṣáájú kó tó tọ́jú ẹṣin, yóò tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn tèmi pẹ̀lú. Èyí tó kẹ́yìn kì í tó èyí tó ṣáájú. N kò pa oògùn mi jẹ o, n kò sì fi ẹṣin rọ́pò dókítà. Ṣùgbọ́n oògùn wà lára mi lẹ́ẹ̀mejèèjì tí wọ́n dá mi padà.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀, mo sì mú un búra. Mo lọ dúró ti ẹṣin ní kùtùkùtù, mo padà wá wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n má baà gbé òórùn rẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Mọ́kọ́lá kún fọ́fọ́, kẹ̀kẹ́ dí wa lójú ọ̀nà, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Mo ní kó rọra máa mí. Ó wò mí bí ẹni pé wọ́n ti pààrọ̀ ìyàwó rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí ló tún de ẹ̀rọ mọ́ mi lápá. Bó ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ ni bàbá àgbàlagbà kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ìyá, ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé ojú ni tiyín náà? Ṣé àlàáfíà la jí?"

Láti kékeré, n kò dákẹ́ sí ìkíni àgbà rí. Ìyá mi ì bá gbá mi létí. Ahọ́n mi ti dìde láti dáhùn. Mo di ojú, mo di ẹnu. Mo rántí mímí gígùn yẹn lábẹ́ igi máńgòrò, mo sì bá a lọ: sínú, ó pẹ́, síta, ó tún pẹ́. Bàbá kí mi lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ ti ń yí padà. Mo mí síta.

"Mà, ẹ kú oríire," nọ́ọ̀sì ní. "Ó ti wálẹ̀. Kí lẹ lò?"

"Ẹṣin."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan, láàárọ̀."

Ó ti gbé bírò láti kọ ọ́ kí ohun tí mo sọ tó yé e. Ẹ̀rín pa á. Èmi yíjú sí bàbá, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn bó ti yẹ, mo kí ilé, mo kí ọ̀nà, mo kí àwọn ọmọ, títí wọ́n fi wá pè mí wọlé.

Iṣẹ́ abẹ náà kò dùn mí tó bí mo ṣe rò. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ṣí ojú ọ̀tún. Ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ rí. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun báláú, ara ọrùn rẹ̀ ti hunjọ. Ọkọ mi ti darúgbó, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi. Mo sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Dókítà ní kí n sá fún eruku àti ẹran ọ̀sìn títí òun yóò fi ní ó tó. Mo gbọ́ràn. Àwọn ará ìjọ wá kí mi, mo sìn wọ́n dé géètì. Bí mo bá ń padà wọlé, mo máa ń dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri Àlàájì, kí n lè gbọ́ mímí ẹṣin náà láti òdìkejì.

Ọjọ́ tí wọ́n yọ̀ǹda fún mi, n kò lè dúró jẹun. Mo ṣí géètì, mo sì rí i. Òjìji dúdú tí mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì fà láti ọjọ́ yìí, pupa ni! Ó pupa bí epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún, irun ọrùn rẹ̀ ń tàn nínú oòrùn. Inú mi dùn ju ti ọmọdé lọ. Ẹni tó bá ríran kò nílò òfin afọ́jú, mo sọ fún ara mi. Ẹṣin dúró láàárín ọgbà lọ́jọ́ náà, kò fara ti ògiri. Apá ọ̀tún rẹ̀ ló kọ sí mi, mo sì gba ibẹ̀ lọ tààrà, n kò sọ̀rọ̀, mo na ọwọ́ sí i lọ́rùn.

Ó fò. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀, eruku bò wá. Àlàájì pariwo, mo fò sẹ́yìn. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ẹṣin náà ń yí orí kiri, ó ń wá ẹni tó fọwọ́ kàn án. Mo rí ojú ọ̀tún rẹ̀ nígbà náà. Funfun ni. Awọ ti bò ó látòkè délẹ̀, bí ó ṣe bo tèmi.

Mo dúró bí ère Dùgbẹ̀. Gbogbo òwúrọ̀ tí mo rò pé ẹni tó ríran ló ń tù mí lára, ẹni tí kò rí mi bí mo bá gba apá ọ̀tún ni. Ohùn mi ló gbẹ́kẹ̀ lé, bí mo ṣe gbẹ́kẹ̀ lé mímí rẹ̀. Mo fi ojú tuntun tí wọ́n ní kí omi má kàn sunkún.

"Àlàájì, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Àlàájì di okùn mú, ó ń fọwọ́ pa ẹṣin lórí kí ara rẹ̀ lè rọlẹ̀.

"Ẹ̀yin náà, ẹ ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni máa bi yín ní nǹkan," ó ní. "Mo rò pé òun náà ò fẹ́."

Mo nu ojú. Mo yípo gba ẹ̀yìn Àlàájì, mo bọ́ sí apá òsì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí mo ṣe ń bọ̀.